Ọ̀lẹ Ń Jáde Lára

Ìdí ni bàbá kan fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Á fìdí lé ìpele kan, á fọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀, á tún rọra yọ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀ dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó ń wò ó, ẹ̀rín sì ń pa á.

Ó ní ọmọ àwọn nígbà tó ń kọ́ ìrìn gan-an kò ṣe tó báyìí. Ọkọ náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní itan ló ń dun òun, àti ẹ̀yìn, àti apá, ṣùgbọ́n ìrora dáadáa ni.

Ìrora dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìyàwó yẹn di opó.

Aago ni bàbá yìí ń tún ṣe jẹun. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju ibi tí àga kan àti tábìlì kan lè gbà lọ. Níbẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó dorí kodò, tó ń fi irin tín-ín-rín tọ́ inú aago. Bó o bá rí i níbẹ̀, o ò ní í gbà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wúlò fún ohunkóhun ju pé kó gbé e délé lọ.

Ṣùgbọ́n adágún omi ńlá kan wà lẹ́yìn àdúgbò wọn. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀fúùfù bá ti rọlẹ̀ tí ojú omi sì tẹ́ pẹrẹsẹ, àsìkò eré pátákó dé nìyẹn. Àwọn eléré á wọ pátákó gígùn méjì-méjì sẹ́sẹ̀, wọ́n á di okùn mú, ọkọ̀ ojú omi onínjìnnì á sì máa fà wọ́n lọ kíkankíkan, tí wọ́n á dúró ṣánṣán lórí omi bí ẹni dúró lórí títì.

Ẹgbẹ́ tí bàbá yìí wà ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan á wà nísàlẹ̀, àwọn mìíràn á gun èjìká wọn, ẹnì kan ṣoṣo á wá wà ní ṣóńṣó òkè tí á máa juwọ́ sí èrò etí omi. Àárín ìsàlẹ̀ ni ipò bàbá yìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Ìpìlẹ̀.

Lọ́dún yẹn, Kọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń kọ́ wọn tó sì ń wa ọkọ̀ wọn, ní kí ọmọbìnrin bàbá yìí wà lókè. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó fúyẹ́, kò sì bẹ̀rù omi. Inú bàbá rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì ń já. Ó mọ̀ pé bí ẹni ìsàlẹ̀ bá yẹ̀, ẹni òkè ló ń ṣubú jù. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò ní í fi ọmọ òun sórí èjìká ẹlòmíràn, bó ti wù kó rí.

Àmọ́ a kì í fi ẹnu lásán gba ipò ìpìlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yẹn, ọdọọdún ni wọ́n ń du ú. Wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní Àga Afẹ́fẹ́. Nínú búkà páànù tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ipò náà á fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á ká orúnkún bí ẹni tó jókòó, bẹ́ẹ̀ kò sí àga kankan nídìí wọn. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn dìde ló gba ipò. Ara ògiri náà ti dúdú níbi tí ẹ̀yìn àwọn èèyàn ti ń yí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Òógùn, ooru páànù, ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n. Kọ́ọ̀ṣì ò sì ní í jẹ́ kí wọ́n mu omi. Ó ní ọkọ̀ àwọn ò lágbára, ẹni tó bá fúyẹ́ ló ń tètè yọ lójú omi, omi mímu a sì máa wúwo lára.

Ohun tó wá burú jù nínú ẹ̀kọ́ wọn nìyí. Bí ìtọ̀ ẹnì kan bá yí padà tó di aláwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì, ńṣe ni wọ́n á máa lù ú lẹ́yìn pẹ̀lú ayọ̀. Wọ́n á ní, "Ọ̀lẹ ń jáde lára ẹ." Wọ́n gbà pé ìmẹ́lẹ́ gbogbo oṣù téèyàn fi jókòó ló ń bá ìtọ̀ lọ. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo kàn mọ̀ pé ẹni náà ò tíì bá a dójú ikú nígbà tó ń sọ ọ́, nítorí òkú kì í padà wá ṣàlàyé.

Láti òpin àsìkò tó kọjá, Ìpìlẹ̀ kò sáré, kò gbé nǹkan wúwo. Nígbà tí Kọ́ọ̀ṣì wá kéde ọjọ́ Àga Afẹ́fẹ́, ó fẹ́ fi ìrọ̀lẹ́ bíi mélòó kan ṣe iṣẹ́ oṣù púpọ̀. Á gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, á káwọ́ mú ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, á wá máa lóṣòó, á máa dìde. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, ọmọ náà á ní, "Dádì, ẹ̀ẹ̀kan sí i." Á sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bí alẹ́ bá lẹ́ tí ara ń ro ó gidi, á gbé oògùn ara ríro mì, á sùn.

Láàárọ̀ tó fìdí sọ̀ kalẹ̀ yẹn, ó ti rí i pé ìtọ̀ òun dúdú. Inú rẹ̀ dùn. Ó yà lọ́dọ̀ Kọ́ọ̀ṣì kó tó ṣí ìsọ̀, ó sọ fún un. Kọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ó ku díẹ̀ kí ọ̀lẹ tán lára ẹ̀. Ìpìlẹ̀ kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ pé obìnrin náà á dá òun dúró.

Ìyàwó náà, alágbàfọ̀ ni. Aṣọ gbogbo àdúgbò ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wọn láàárọ̀ náà, ó rí àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kan, ó pòṣé. Ó rò pé ọkọ òun ló tún mu tíì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọṣẹ sí i, ó bó o, ó sì gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sán ń di ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó bá òun ra oògùn ara ríro sí i, pé èyí tó wà nílé ti tán, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Àga Afẹ́fẹ́. Obìnrin náà nuwọ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà ní igun òpópónà lọ. Àgbà obìnrin kan ló ni ibẹ̀, Àǹtí Olóògùn ni gbogbo wọn ń pè é. Kò sí ẹni tí kì í ráhùn pé ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju oògùn rẹ̀ lọ.

Ó béèrè ẹni tó fẹ́ lo oògùn. Ó béèrè ohun tó ń ṣe é. Ìyàwó náà fi ẹ̀rín sọ fún un bí ọkọ òun ṣe fìdí rìn lórí àtẹ̀gùn. Àǹtí Olóògùn ò rẹ́rìn-ín.

"Láti ọjọ́ wo ló ti ń lo oògùn yìí?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó ń mu omi?"

"Kọ́ọ̀ṣì wọn ní kí wọ́n má mu ún."

Àǹtí Olóògùn gbé páálí oògùn tó ti mú sọ́wọ́ padà sórí pẹpẹ.

"Ìyàwó, báwo ni ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí?"

Ojú ti obìnrin náà díẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, pé ọkọ òun kì í fi irú ẹ̀ han òun. Ibẹ̀ ló ti rántí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Ó rántí pé ìsàlẹ̀ ni ọkọ òun ti mu tíì láàárọ̀ yẹn, ọwọ́ òun ló sì ti gbà á, lẹ́yìn tó ti sọ̀ kalẹ̀ tán.

"Mo rí àbàwọ́n kan," ló sọ. "Mo rò pé tíì ni."

"Kì í ṣe tíì. Iṣan ara rẹ̀ ló ń ya, tó ń bá ìtọ̀ lọ. Oògùn tó o wá rà yìí á tún ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ sí i. Mi ò ní í tà á fún ẹ. Wá a lọ báyìí, kó o gbé e lọ sílé ìwòsàn. Má dúró se oúnjẹ, má dúró pa aṣọ dà."

Ìyàwó náà ò dúró. Ó dé ìsọ̀, ó bá a ní títì. Ó sáré gba ọ̀nà etí omi.

Nígbà tó wọ búkà páànù náà, gbogbo àwọn tó jọ bẹ̀rẹ̀ ti dìde tán, ó ku méjì lára ògiri. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀kan. Ìkejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Òpó. Àwọn tó kù dúró yí wọn ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà láàárín wọn, òun ló ń pariwo jù. Kọ́ọ̀ṣì lóṣòó síwájú wọn, ó ń wo orúnkún wọn.

"Dádì, ẹ dìde," ni ìyàwó náà sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ìtọ̀ yín ti dúdú, ẹ ò sì sọ fún mi."

Kọ́ọ̀ṣì ló dáhùn. "Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀lẹ ló ń jáde."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ dòdò, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Ó ku díẹ̀." Obìnrin náà dì í lápá mú, Kọ́ọ̀ṣì sì rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní bó bá fà á dìde, ó ti fi ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn nìyẹn.

Orúnkún Òpó yẹ̀, ó dìde. Ariwo sọ. Ìpìlẹ̀ ti gba ipò rẹ̀ padà.

Ó yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri, ó jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní kó dìde kí wọ́n gbé e lọ́wọ́ sókè, kò dìde. Wọ́n rò pé ó ń ṣeré. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́, nítorí ó fọwọ́ kan itan bàbá rẹ̀, ó sì le bí igi, ó wú dé ibi tí ṣòkòtò fún un pinpin. "Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ mi mọ́," ni bàbá náà sọ, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ.

Nílé ìwòsàn, wọ́n béèrè ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Àárọ̀ ni. Wọ́n fa omi sí i lára, kò tọ̀. Wọ́n fa òmíràn sí i, kò tọ̀. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nígbà tí dókítà jáde sí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà ti mọ̀ kí dókítà tó la ẹnu pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré.

Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò yára sọ̀rọ̀, fà á jókòó. Ó ní iṣan tó ti sinmi fún ìgbà pípẹ́ kì í fẹ́ iṣẹ́ àṣejù. Bí wọ́n bá ti iṣẹ́ bọ̀ ọ́ lójijì, ó lè ya. Ohun tó wà nínú rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ kúrò. Bó bá pọ̀ jù, á dí i.

"Ara rẹ̀ ló ń ké sí i," ló sọ. "Ìrora yẹn, ìtọ̀ dúdú yẹn, igbe ara ni. Ká ní ó wá láàárọ̀ tó kọ́kọ́ rí i, omi tí a fà sí i yìí lè tó. Ní báyìí, ẹ̀rọ la máa fi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Ìyàwó náà béèrè bóyá á yè é. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó yè é. Ó ní òun ò lè ṣèlérí pé kíndìnrín náà á padà sí bó ṣe wà.

Kò padà. Àwọn àgbà ní ẹni tó fi orí fọ́ àgbọn kò ní í jẹ níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ gba ipò, kò sì dé orí omi. Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí di ìsinsìnyí ló ń lọ síwájú ẹ̀rọ náà, tó ń nawọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde kó sì tún wọlé, tí aago àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń jókòó dè é ní ìsọ̀.

Ọmọ rẹ̀ bi í léèrè lọ́jọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ń gbé ìbéèrè náà kiri tipẹ́ kó tó lè sọ ọ́.

"Dádì, ṣé èmi ni mo wúwo jù?"

Ó ní kó súnmọ́ òun. "O ò wúwo rárá. Ara mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni mi ò dá a lóhùn."

Ọmọ náà sunkún. Bàbá náà sunkún. Mo lè purọ́ fún yín pé wọ́n tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ fún mi kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìṣíde eré kò kúkú yẹ̀. Òpó ni wọ́n fi sípò Ìpìlẹ̀, Kọ́ọ̀ṣì sì ti fi ọjọ́ díẹ̀ tó kù ki ìdánrawò mọ́ ọn lára bí ẹni ki ìrẹsì sínú àpò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èrò ti kún etí omi, orin ń dún, ọkọ̀ ti ń kùn. Ìyá alágbàfọ̀ wọ búkà páànù náà wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó gbé ife ike funfun wá, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ó ní kí oníkálukú lọ tọ̀ sínú tiẹ̀, kó gbé e wá síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ṣé aṣọ ló fẹ́ fi rẹ ni. Kọ́ọ̀ṣì ní èrò ń dúró, pé kí wọ́n jẹ́ kí eré kọ́kọ́ parí.

Ọmọbìnrin náà ti wọ aṣọ eré rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹni tí kò bá tọ̀ sí ife," ló sọ, "mi ò ní í gun èjìká rẹ̀. Ẹ wá ẹlòmíràn tó máa wà lókè."

Kọ́ọ̀ṣì wo ọmọ náà títí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó mú ife àkọ́kọ́ fún ara rẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn búkà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n ń gbé e padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá náà sì ń wo ife kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wo kọ́là ẹ̀wù funfun.

Òpó ló gbẹ̀yìn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife rẹ̀. Ìyá náà rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ìwọ̀nba tó wà nínú rẹ̀ dúdú bíi tíì.

Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ọ̀lẹ.

"Láti ìgbà wo?" ni ìyá náà béèrè.

"Àná ni, mà. Mo fẹ́ sọ, mo rò pé wọ́n á ní ẹ̀rù omi ló ń bà mí."

Òdìkejì omi ni ilé ìwòsàn wà, ọkọ̀ tó yẹ kó fa eré náà ló sì yá jù láti débẹ̀. Wọ́n gbé Òpó jókòó sínú rẹ̀, ìyá náà jókòó tì í, Kọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ló wà á. Bí ọkọ̀ náà ṣe já jáde kíkankíkan, èrò etí omi dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé eré ti bẹ̀rẹ̀.

Omi tí wọ́n fà sí Òpó lára tó. Kò nílò ẹ̀rọ kankan. Nígbà tí ìyá náà sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni bàbá náà béèrè.

"Ṣé ó tètè dé?"

"Ó tètè dé."

"Ó dáa," ló sọ, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ múra sílẹ̀ fún eré, ìbáà jẹ́ ti orí omi tàbí ti orí ilẹ̀, kó tètè bẹ̀rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára. Tó o bá ti jókòó fún ọ̀pọ̀ oṣù, má fi ọ̀sẹ̀ kan gbẹ̀san lára iṣan rẹ. Máa mu omi kó o tó ṣe é, nígbà tó o bá ń ṣe é, àti lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì tó bá gba omi lẹ́nu rẹ, fi í sílẹ̀ ńbẹ̀ kó o máa lọ sílé.

Ara tó ro díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, oorun àti ìsinmi á mú un kúrò. Èyí tó wú, tó le, tí kò jẹ́ kó o rìn dáadáa, kì í ṣe ìrora dáadáa, má sì fi oògùn ara ríro bò ó mọ́lẹ̀. Bí ìtọ̀ rẹ bá dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, tàbí tí o kò rí i tọ̀, ilé ìwòsàn ni o ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Sọ fún wọn pé o ṣe eré àṣejù, kí wọ́n tètè mọ ibi tí wọ́n á wò. Ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tijú béèrè.

Ìyá alágbàfọ̀ ṣì ń gbé ife funfun lọ sí búkà páànù yẹn ní gbogbo àsìkò eré. Ọkọ rẹ̀ kì í bá a lọ. Bó bá na ọ̀kan sí ọ, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, má rẹ́rìn-ín.